ỌWỌ́ OBÌNRIN NÍ Í SỌ SẸ̀MÓ DI KÚSÍKÚSÌ

Oúnjẹ aláwọ̀ mèremère, elégédé àti èso gbígbẹ nínú àwo kan: ẹ̀rọ fẹ́ gba iṣẹ́ rẹ̀, àwọn ìyá ò tíì gbà fún un

Bí wọ́n bá ti kírun Jímọ́ọ̀ tán lọ́jọ́ Ẹtì nílùú Fez, lórílẹ̀-èdè Mòrókò, ẹnikẹ́ni kì í bi ìyàwó ilé pé kí ló sè. Kúsíkúsì ni. Olówó ń jẹ ẹ́, mẹ̀kúnnù ń jẹ ẹ́. Ilé kan á bu tiẹ̀ ránṣẹ́ sí ojúlé kejì, òmíràn á gbé àwo kan lọ sí mọ́sálásí kí àwọn aláìní lè rí jẹ. Bí wọ́n bá ń ṣe ìyàwó, òun ni. Bí wọ́n bá ń sunkún òkú, òun náà ni.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí nínú àwo ńlá tí wọ́n bù ú sí. Ó ga sókè bí òkìtì iyanrìn, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti gàrí tí wọ́n ta epo díẹ̀ sí. Wọ́n á wá fi ẹ̀fọ́ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ yí ká: elégédé tó pọ́n bí oòrùn ìrọ̀lẹ́, káróòtì, kábéèjì, ìkàn dúdú, tòmátì, àti ẹ̀wà róbótó kan báyìí. Ẹran á wà láàrin. Ní ilé mìíràn, wọ́n á tún rọra se àlùbọ́sà pẹ̀lú oyin, kinamọ́nì àti èso àjàrà gbígbẹ títí tó fi máa dán gbinrin, wọ́n á dà á lé e lórí. Tfaya ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ojú á kọ́kọ́ jẹun kí ẹnu tó bẹ̀rẹ̀. Àwo kan ṣoṣo náà ni gbogbo ilé á jókòó yí ká, bàbá, ìyá, ọmọ àti àlejò.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹwà inú àwo nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ tó ṣe é ni. Ọwọ́ obìnrin ni, ọwọ́ náà sì ti ń dín kù.

SẸ̀MÓ NI, KÌ Í ṢE ÌRẸSÌ

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí kúsíkúsì á rò pé ìrẹsì wẹ́wẹ́ ni. Rárá o. Àlìkámà líle ni wọ́n lọ̀, tó wá dà bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò pẹ̀lú sẹ̀mó tí ọ̀pọ̀ ilé ń rò láti Èkó dé Ìlọrin. Sẹ̀mó yìí ni àwọn obìnrin ń fi ọwọ́ yí títí tó fi ń di wóró-wóró.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ìyá á jókòó sílẹ̀, á gbé ọpọ́n fífẹ̀ kan ka iwájú. Á da sẹ̀mó sí i, á wọ́n omi oníyọ̀ lé e díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń wọ́n omi sí aṣọ tó fẹ́ lọ̀. Á wá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé e, á máa yí i róbótó-róbótó, kò ní tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jù. Á bu ìyẹ̀fun lẹ́búlẹ́bú díẹ̀ wọ́n ọn, á tún yí i. Ìyẹ̀fun á máa dì mọ́ sẹ̀mó, á máa di hóró kéékèèké lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Tó bá ti yí i tó, ó kan asẹ́. Asẹ́ kan kò tó iṣẹ́ yìí. Ọ̀kan wà tí ihò rẹ̀ tóbi, òmíràn wà tí ihò rẹ̀ kéré. Hóró tó bá tóbi jù á padà sínú ọpọ́n, èyí tó bá lẹ́bú jù, òun náà á padà. Èyí tó bá dọ́gba nìkan ni wọ́n ń mú. Ẹni tó bá ti ku èlùbọ́ tàbí tó ti jọ gàrí rí, ẹ ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún un bí apá ṣe ń roni.

Lẹ́yìn náà ni iná. Ìkòkò méjì ni wọ́n ń lò, ọ̀kan lórí èkejì. Ọbẹ̀ ẹran àti ẹ̀fọ́ ń hó nínú ti ìsàlẹ̀. Ti òkè ní ihò wẹ́wẹ́ nídìí, bí ajẹ̀rẹ̀ àwọn ìyá àgbà. Inú rẹ̀ ni kúsíkúsì ń gbé. Omi kò gbọdọ̀ kàn án. Ooru ọbẹ̀ ló ń sè é, bí ooru ṣe ń se ọ̀ọ̀lẹ̀. Kí ooru má baà gba ẹ̀gbẹ́ jáde, wọ́n á fi àkísà mímọ́ tí wọ́n rì bọ inú ìyẹ̀fun pípò di ibi tí ìkòkò méjèèjì ti pàdé.

Ẹ̀ẹ̀kan kọ́ ni wọ́n sì ń gbé e kaná. Tí ooru bá ti yọ lójú rẹ̀, wọ́n á dà á padà sínú ọpọ́n, wọ́n á fi òróró pa ọwọ́, wọ́n á tú gbogbo kókó rẹ̀, wọ́n á wọ́n omi sí i, ó tún di orí iná. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọ̀pọ̀ ìyá ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń mú un wú nìyẹn, tó ń mú un rọ̀, tí hóró kan kì í fi lẹ̀ mọ́ èkejì.

Bí iṣẹ́ bá pọ̀, ẹnì kan kì í dá a ṣe. Àwọn ará àdúgbò á kóra jọ bí ọ̀wẹ̀. Ní Àlgéríà, twiza ni wọ́n ń pe irú ọ̀wẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní Tùnísíà, ìgbà tí oòrùn bá mú gan-an ni wọ́n ń yí èyí tí wọ́n máa jẹ títí ọdún á fi yí po. Wọ́n á sá a títí tó fi máa gbẹ, wọ́n á kó o pamọ́. Orin ń lọ, ọ̀rọ̀ ń lọ, òfófó náà ò gbẹ́yìn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọmọbìnrin kékeré á jókòó ti ìyá rẹ̀, á máa wò. Kò sí ìwé, kò sí òṣùwọ̀n. Ojú ló ń kọ́ ọ, ọwọ́ ló ń mọ̀ ọ́n.

ÀWỌN ÌYÁ ỌLỌ́JÀ ỌDÚN 1352

Oúnjẹ yìí ti pẹ́ láyé. Àwọn ẹ̀yà Bérébérì, tí wọ́n ti wà ní àríwá Áfíríkà kí Lárúbáwá tó débẹ̀, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó ni ín. Ṣùgbọ́n aṣálẹ̀ Sàhárà kò dí i lọ́nà. Lọ́dún 1352, arìnrìn-àjò ńlá nì, Ibn Battuta, ọmọ ìlú Tangier ní Mòrókò, gba inú aṣálẹ̀ kọjá lọ sí ilẹ̀ Mali. Ó sọ pé ẹni tó ń rin ọ̀nà yẹn kò nílò kó ru oúnjẹ dání. Iyọ̀ ni kó mú, àti ìlẹ̀kẹ̀ dígí, àti àwọn nǹkan olóòórùn dídùn. Bó bá ti dé abúlé báyìí, àwọn obìnrin á gbé ọjà jáde: ọkà, wàrà, adìyẹ, ìrẹsì, ìyẹ̀fun ẹ̀wà, àti fóníò, hóró wẹ́wẹ́ tí àwọn Haúsá ń pè ní acha. Ó ní fóníò yìí ni wọ́n fi ń ṣe kúsíkúsì níbẹ̀.

Ẹ rí i bí? Ó ti lé ní ẹgbẹ̀ta ọdún tí ìyá ọlọ́jà ti ń ta ohun tí wọ́n ń fi ṣe kúsíkúsì lẹ́bàá ọ̀nà.

Ẹbí rẹ̀ kò sì jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá. Ní Borno, burabusko wà. Láàrin àwọn Haúsá, dambu wà. Ooru náà ni wọ́n fi ń se méjèèjì. Ní òkè Togo àti òkè Benin, wasawasa ni tiwọn. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń fi ṣe é? Èlùbọ́ iṣu! Wọ́n á wọ́n omi sí èlùbọ́, wọ́n á fọwọ́ yí i di wóró-wóró, wọ́n á fi ooru sè é. Á dúdú bí àmàlà, òróró àti ata ni wọ́n sì ń fi jẹ ẹ́. Kódà ní ìhà Àríwá Ìlà Oòrùn Brazil, tó fi dé Bahia níbi tí àtọmọdọ́mọ Yorùbá pọ̀ sí, ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n fi ooru sè ni ọ̀pọ̀ ń jẹ láàárọ̀. Orúkọ rẹ̀ ni cuscuz. Orúkọ náà nìyẹn, kò yí padà.

Nǹkan kan tún wà tó yani lẹ́nu. Elégédé àti tòmátì tó ń mú àwo kúsíkúsì pọ́n yìí, àlejò ni wọ́n. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá, lẹ́yìn ìgbà tí Columbus débẹ̀ lọ́dún 1492. Àjàrà àti dàbínò ni ará ilé láti ayébáyé. Ní Tùnísíà, wọ́n ní irú kan tí wọ́n ń pè ní masfuf, tó jẹ́ pé dàbínò àti èso àjàrà gbígbẹ ni wọ́n ń dà sí i. Wọ́n máa ń fi jẹ sààrì nínú oṣù ààwẹ̀.

Ẹ̀RỌ DÉ

Láàrin ọdún 1950 sí 1959, wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń yí kúsíkúsì jáde ní Àlgéríà. Iṣẹ́ tí ìyá kan ń fi gbogbo òwúrọ̀ ṣe, ẹ̀rọ ò kà á sí nǹkan kan. Nígbà tí Àlgéríà gbòmìnira lọ́wọ́ Faransé lọ́dún 1962, ọ̀pọ̀ àwọn tó kó lọ sí Faransé gbé oúnjẹ yìí lọ́wọ́, ó sì wá di oúnjẹ tí àwọn òyìnbó náà ń wá kiri. Àwọn òyìnbó yìí ló jẹ́ kó tutù tán, tí wọ́n fi ń ṣe sàláàdì. Ilé iṣẹ́ ń dì í sínú páálí. Wọ́n ti yí i, wọ́n ti fi ooru sè é, wọ́n ti gbẹ ẹ́. Omi gbígbóná ni kí èèyàn bù lé e, kó dé e fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ó parí.

Kò sẹ́ni tó lè bá ìyàwó ilé wí tó bá ra ti páálí. Obìnrin tó jí lọ síbi iṣẹ́ ní aago méje, tó dé ní aago méje alẹ́, ìgbà wo ló fẹ́ jókòó ti ọpọ́n? Àwọn tó ń ra ata lílọ̀ àti ẹ̀gúsí lílọ̀ lọ́jà mọ ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n nǹkan méjì ló ń bá a lọ. Èkíní, owó. Àwọn obìnrin wà tó jẹ́ pé kúsíkúsì tí wọ́n ń yí fún onílé ni wọ́n fi ń tọ́mọ. Nígbà tí páálí gba ọjà, owó kúrò lọ́wọ́ wọn. Èkejì, ìmọ̀. Ohun tí wọn kò kọ sínú ìwé, tó jẹ́ pé inú ọwọ́ ló wà, bí ọwọ́ yẹn bá rọ, ó ti lọ nìyẹn.

Àwọn obìnrin kan ní Mòrókò kò ká ọwọ́ lẹ́rán. Wọ́n kóra jọ sínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, wọ́n ń yí kúsíkúsì bí ìyá wọn ṣe ń yí i. Wọ́n ń fi àlìkámà ṣe é, wọ́n ń fi ọkà báálì ṣe é, wọ́n ń fi àgbàdo ṣe é. Wọ́n ń dì í sínú ọ̀rá, wọ́n ń kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ọwọ́ ni wọ́n fi yí i. Wọn ò bá ẹ̀rọ du pípọ̀, wọn ò sì bá a du ọ̀pọ́. Adùn ni wọ́n ń tà. Ẹni tó mọ adùn ń wá wọn lọ.

ỌMỌ ÌYÁ TÓ Ń JÀ, ÀWO KAN NÁÀ

Àlgéríà àti Mòrókò ti ń bínú síra wọn tipẹ́. Wọ́n bára wọn jagun lọ́dún 1963. Lọ́dún 1994, wọ́n ti ẹnubodè wọn pa. Kódà kúsíkúsì fẹ́ di ìjà. Lọ́dún 2016, nígbà tí wọ́n gbọ́ pé Àlgéríà fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ nìkan kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn ará Mòrókò fárígá. Ta ló ni ín? Tèmi ni, tìrẹ kọ́.

Nígbà tó yá, àwọn àgbà jókòó. Orílẹ̀-èdè mẹ́rin, Àlgéríà, Mòrókò, Tùnísíà àti Mauritáníà, fọwọ́ sí ìwé kan náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, àjọ UNESCO kọ ìmọ̀ kúsíkúsì sínú ìwé àwọn àṣà tó jẹ́ ogún gbogbo ayé. Inú ìwé yẹn kan náà ni wọ́n kọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àti Ifá sí lọ́dún 2008.

Ẹ fetí sí i dáadáa o: ìmọ̀ kúsíkúsì ni wọ́n kọ síbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń yí i, bí wọ́n ṣe ń sè é, irin iṣẹ́ rẹ̀, àti bí àwọn ènìyàn ṣe ń jókòó yí àwo kan ká. Páálí kọ́ ni gbogbo ayé bọ̀wọ̀ fún. Ọwọ́ àwọn ìyá ni.

Nínú oṣù Kẹjọ ọdún 2021, Àlgéríà tún bínú, ó já okùn ìbáṣepọ̀ tó wà láàrin òun àti Mòrókò. Òṣèlú ń jà, ṣùgbọ́n orúkọ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà lórí ìwé kan ṣoṣo.

BÍ Ẹ ṢE LÈ SÈ É NÍLÉ

Ẹni tó bá fẹ́ tọ́ ọ wò, kó wá ti páálí, kó sì ṣe é ní sàláàdì. Kò gba ajẹ̀rẹ̀, kò gba wàhálà. Yóò tó ènìyàn mẹ́rin sí márùn-ún jẹ.

Ohun tí ẹ máa lò: kúsíkúsì ife 2, omi gbígbóná ife 2, ìdajì elégédé kékeré kan tó pọ́n nínú, èso àjàrà gbígbẹ ìdajì ife, dàbínò 10, tàtàṣé pupa 1 àti ti aláwọ̀ ewé 1, àlùbọ́sà 1, ẹ̀pà sísun ẹ̀kúnwọ́ 1, òróró ṣíbí ìjẹun 3, ọsàn wẹ́wẹ́ 2, iyọ̀, ata gígún àti kinamọ́nì díẹ̀.

Ẹ bó elégédé, ẹ gé e wẹ́wẹ́, kí ó tó ṣúgà oníhóró. Ẹ ta òróró ṣíbí 1 sínú páànù, ẹ da elégédé sí i pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀, ẹ máa rò ó lórí iná tó wà níwọ̀nba. Tó bá ti rọ̀ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ń pọ́n, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ má sè é nínú omi o, á fọ́, gbogbo rẹ̀ á di ẹ̀bẹ.

Ẹ fọ èso àjàrà gbígbẹ, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó lè wú, kí ẹ tó sẹ́ omi rẹ̀ dànù. Ẹ yọ kóró dàbínò, ẹ gé e wẹ́wẹ́.

Ẹ da kúsíkúsì sínú abọ́ fífẹ̀, ẹ fi iyọ̀, kinamọ́nì àti òróró ṣíbí 1 pa á lára. Ẹ da omi gbígbóná náà lé e, ẹ dé e pinpin fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣàṣìṣe: wọ́n á bu omi kún un bíi ti ẹ̀bà. Ife kan, ife kan, ó tó. Tí ẹ bá ṣí i, ẹ má fi ọmọrogùn kàn án. Fọ́ọ̀kì ni kí ẹ fi tú u, tàbí kí ẹ fọ ọwọ́ mọ́, kí ẹ fi òróró pa á, kí ẹ fi tú kókó rẹ̀, bí àwọn ìyá Mòrókò ṣe ń ṣe.

Tó bá ti tutù, ẹ da elégédé, èso àjàrà, dàbínò, tàtàṣé àti àlùbọ́sà tí ẹ ti fọ̀ tí ẹ sì ti rẹ́ wẹ́wẹ́ sí i. Ẹ fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ lé e, ẹ ta òróró tó kù sí i, ẹ wọ́n ata díẹ̀, ẹ rọra yí i pọ̀. Ẹ̀pà ni kẹ́yìn, kó má baà rọ̀. Pupa, ìyeyè, ewé àti dúdú á pàdé nínú abọ́ kan. Ọmọ tí kì í jẹ ẹ̀fọ́ á béèrè pé kí nìyí.

Ọjọ́ tí ẹ bá sè é ni kí ẹ jẹ ẹ́ tán tí kò bá sí fíríìjì. Àwọ̀ elégédé yẹn kì í ṣe fún ẹwà nìkan: ohun tó ń mú epo pupa àti káróòtì pọ́n wà nínú rẹ̀, ara ń sọ ọ́ di fítámì tó dára fún ojú. Àmọ́ ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà gbọ́dọ̀ ṣọ́ èso gbígbẹ. Omi ló ti gbẹ kúrò nínú rẹ̀, ṣúgà ibẹ̀ kò lọ síbì kankan. Bí owó kúsíkúsì páálí bá sì ga jù lọ́jà, acha ń bẹ lọ́dọ̀ àwọn Haúsá. Ẹ fọ̀ ọ́ kúrò nínú iyanrìn, ẹ fi ooru sè é, yóò gba elégédé àti dàbínò náà dáadáa.

Ọ̀RỌ̀ TÓ KÙ

Ìwé UNESCO kò lè yí kúsíkúsì. Bí ọmọbìnrin tó ń jókòó ti ọpọ́n bá tán, ohun tó máa kù kò ju páálí àti ìwé lọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ìyá kò lè dá a ṣe, ọmọ kò sì lè dá a mọ̀.

Tí ẹ bá wò ó, ọ̀rọ̀ Mòrókò nìkan kọ́. Mélòó nínú àwọn ọmọbìnrin Ìbàdàn àti Èkó ló mọ bí wọ́n ṣe ń bọ iṣu kó tó di èlùbọ́? Mélòó ló lè fi ewé pọ́n ọ̀ọ̀lẹ̀ tí kò ní jò? Tí ìyá wọn bá lọ, ta ni wọ́n máa bi?

Ẹ̀yin ìyá wa, oúnjẹ wo ni ọwọ́ ìyá yín mọ̀, tí ọwọ́ ọmọ yín kò mọ̀? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ojú ìwé lẹ́tà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ pe ọmọ náà sídìí ààrò, kí ẹ fi hàn án.